Ẹ̀wọ̀n Pólímà Kan Lójú Mẹ́táàlì: Bí Ìdìmú Kéékèèké Ṣe Ń Di Ìdìmú Líle

Bí a bá kun ilẹ̀kùn irin ní ọ̀dà, tí a sì kùn ún bí ó ti yẹ, ọ̀dà náà lè wà lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí a bá sì wo inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn agolo tòmátì, a ó rí i pé wọ́n fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ inú wọn, kí omi tòmátì tí ó kan má baà jẹ agolo náà. Pólímà ni ó mú ọ̀dà dì mọ́ ilẹ̀kùn. Pólímà náà ni a fi tẹ́ inú agolo. Ṣùgbọ́n kí ni ó so pólímà pọ̀ mọ́ irin? A kò kan ìṣó mọ́ ọn, a kò sì fi okùn dì í.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀wọ̀n pólímà kan ṣoṣo bá bà lé ojú mẹ́táàlì, ìyẹn wúrà, bàbà, irin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. A mú ẹyọ kan nítorí pé ẹni tí kò mọ ìṣe ẹyọ kan kò lè mọ ti ogunlọ́gọ̀. Ohun tí a ó fi hàn kò ju èyí lọ: ìdìmú kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀wọ̀n náà ní kò lágbára, àpapọ̀ wọn ni ó lágbára, ohun tí kò sì ṣeé fà ya lẹ́ẹ̀kan náà lè ṣeé tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà tí ẹ ń bá àwọn akunlé, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀yin olùwádìí èdè yóò sì rí àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò, kí ẹ lè yẹ̀ wọ́n wò.

1. Kí ni a ń pè ní pólímà?

Àwọn ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní átọ̀mù ni a fi kọ́ gbogbo ohun tí a ń fojú rí. Átọ̀mù díẹ̀ a máa so pọ̀ di mólékù. Mólékù omi, fún àpẹẹrẹ, kò ní ju átọ̀mù mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n àwọn mólékù kan wà tí wọ́n gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mólékù gígùn bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní pólímà. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn: kò sí okùn nínú rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó di ìkejì rẹ̀ mú, bí oríkèé ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà ni a ṣe ń pe odindi rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n, tí a sì ń pe ẹyọ rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀.

Pólímà kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Rọ́bà tí a ń gbà lára igi, òwú tí a ń ran, àti èròjà tí ń mú kí ẹ̀kọ ki nínú ìkòkò, pólímà ni gbogbo wọn. Náílọ́ọ̀nù àti ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù, pólímà tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni wọ́n. Hermann Staudinger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó sọ ọ́ ní ọdún 1920 pé mólékù gígùn ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìgbà náà kò gbà fún un. Lójú tiwọn, àwọn mólékù kékeré tí wọ́n kàn kó ara wọn jọ ni. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e dá a láre, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1953.

Ìlẹ̀kẹ̀ pólímà kéré púpọ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ pólímà kò gùn tó nánómítà kan.

2. Ẹ̀wọ̀n nínú omi

Kí ẹ̀wọ̀n tó dé ojú mẹ́táàlì, inú omi tàbí inú nǹkan olómi mìíràn ni ó sábà máa ń wà. Kì í dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ooru ń mú kí mólékù omi máa sáré, kí wọ́n máa kọlu ẹ̀wọ̀n náà láti ìhà gbogbo. Nítorí náà ni ẹ̀wọ̀n ṣe ń yí, tí ó ń ká, tí ó sì ń nà láìsinmi. Bí òwú tí ó lọ́ pọ̀ ni ó ṣe máa ń rí, kì í ṣe bí okùn tí a fà tọ́.

Paul Flory, onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974, kọ́ wa ní ọ̀nà tí a lè gbà ṣírò bí ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wọ̀n tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 10,000, kí a sì fi gígùn ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe ìwọ̀n wa. Bí a bá fà á tọ́, yóò gùn tó ìwọ̀n 10,000. Nínú nǹkan olómi tí ó bá a lára mu, yóò ká jọ títí tí ìbú rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bí 250 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kí ó dùbúlẹ̀ pátápátá lórí ilẹ̀ títẹ́jú, níbi tí kò ti lè gba orí ara rẹ̀ kọjá, yóò tàn ká tó nǹkan bí 1,000. Èyí fi hàn pé bíbà lójú nǹkan líle kì í ṣe ìyípadà kékeré fún ẹ̀wọ̀n: ó ń pàdánù ìrísí púpọ̀ tí ì bá ní nínú omi. Ìrísí púpọ̀ wọ̀nyí ni a ó máa pè ní òmìnira rẹ̀.

3. Lílẹ̀ mọ́ kì í ṣe fífà mu

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bí a bá da omi sórí kànrìnkàn, omi yóò wọ inú rẹ̀. Kànrìnkàn fa omi náà mu. Ṣùgbọ́n bí eruku bá bà lé ojú dígí, kò wọ inú dígí. Ojú rẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́. Ohun tí pólímà ń ṣe lójú mẹ́táàlì jọ ti ìkejì yìí. Átọ̀mù mẹ́táàlì há mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n kò lè rí àyè wọ àárín wọn.

Ohun mẹ́ta ni ó lè mú ìlẹ̀kẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ ojú mẹ́táàlì. Èkíní ni ìfàmọ́ra kékeré tí ó wà láàárín ohun gbogbo tí ó bá súnmọ́ ara wọn gan-an. Ìkejì ni ti iná mànàmáná: bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ní irú iná kan, tí ojú mẹ́táàlì sì ní irú kejì, wọn yóò fa ara wọn. Ìkẹta ni kí átọ̀mù kan lára ẹ̀wọ̀n so pọ̀ pẹ̀lú átọ̀mù mẹ́táàlì gan-an, gẹ́gẹ́ bí átọ̀mù imí-ọjọ́ ṣe ń so pọ̀ mọ́ wúrà. Ìkẹta yìí ni ó lágbára jù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n kò ní in, ìfàmọ́ra kéékèèké nìkan ni wọ́n gbára lé.

4. Èrè àti ohun tí a san

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá di mẹ́táàlì mú, èrè wà níbẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n, nítorí pé ìdìmú náà fún un ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n ó san nǹkan: ó fi apá kan òmìnira rẹ̀ sílẹ̀. Bí oníṣòwò ṣe ń fi iye tí ó rà wé iye tí ó tà ni ó rí níbí. Bí ìdìmú ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá kéré ju ìwọ̀n kan lọ, òmìnira tí ẹ̀wọ̀n pàdánù yóò ju èrè rẹ̀ lọ, kò sì ní dúró, bí ó ti wù kí ó gùn tó. Bí ìdìmú náà bá ju ìwọ̀n ọ̀hún lọ, àní bí ó jẹ́ díẹ̀ péré, ẹ̀wọ̀n gígùn yóò dúró.

Ìwọ̀n ààlà yìí ṣe pàtàkì. Ẹ̀wọ̀n gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiyèméjì: bí ó ti ń gùn sí i ni ìyípadà láti àìdúró sí ìdúró ń yá sí i lójú ààlà náà. Pierre-Gilles de Gennes, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1991, wà lára àwọn tí wọ́n la ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

5. Ìdùbúlẹ̀, afárá àti ìrù

Ẹ̀wọ̀n tí ó lẹ̀ mọ́ mẹ́táàlì kì í sábà dùbúlẹ̀ pátá. Ní ọdún 1951, Jenkel àti Rumbach ní ilẹ̀ Jámánì kíyè sí i pé pólímà tí ó lẹ̀ mọ́ ojú nǹkan líle pọ̀ ju èyí tí ojú náà lè gbà bí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ bá dùbúlẹ̀ lọ. Wọ́n ní apá kan nínú ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ wà lókè.

Láti ìgbà náà ni a ti ń pín ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ sí apá mẹ́ta. Apá tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kan mẹ́táàlì léraléra ni a ó pè ní ìdùbúlẹ̀. Apá tí ó gbéra kúrò nílẹ̀, tí ó sì tún padà sílẹ̀ níwájú, ni a ó pè ní afárá, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Apá tí ó wà ní ìpẹ̀kun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílẹ̀, ni ìrù. Bí ìdìmú bá lágbára, ìdùbúlẹ̀ yóò pọ̀. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ lágbára, afárá àti ìrù yóò gùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dúró lójú kan: ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ nísinsìnyí lè gbéra láìpẹ́, kí òmíràn sì gba ipò rẹ̀.

6. Ìdí tí ẹ̀wọ̀n kò fi ń tètè kúrò

Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń gbéra, tí ó sì ń padà, kí ló dé tí odindi ẹ̀wọ̀n kì í lọ? Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdajì àkókò ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi wà nílẹ̀, tí ó sì fi ìdajì wà lókè. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni, nínú ìgbà méjì tí a bá wò ó, a ó bá a lókè nígbà kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, a ó tó wò wọ́n ní ìgbà 1,024 kí a tó bá gbogbo wọn lókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, ó di ìgbà 1,048,576. Ìṣirò yìí rọrùn ju bí nǹkan ṣe rí gan-an lọ, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í dá ìpinnu ṣe; ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó tọ́ka sí tọ́. Kí ẹ̀wọ̀n tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ tó lè lọ, gbogbo ìdìmú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú nígbà kan náà, èyí kò sì rọrùn rárá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi omi mímọ́ ṣan mẹ́táàlì tí pólímà ti lẹ̀ mọ́ láti inú omi, ìwọ̀nba díẹ̀ ni omi yóò gbé lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá da nǹkan mìíràn sí i, tí mólékù rẹ̀ kéré, tí mẹ́táàlì sì fà á mọ́ra ju pólímà lọ, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Mólékù kékeré náà yóò gba ipò ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ó gbéra, yóò gba ti ìkejì, yóò gba ti ìkẹta, títí ẹ̀wọ̀n kò fi ní ibi ìdìmú mọ́. Ohun tí agbára kò lè fà ya lẹ́ẹ̀kan náà, sùúrù tú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

7. Bí a ṣe mọ gbogbo èyí

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò àti ìwọ̀n ogunlọ́gọ̀ ẹ̀wọ̀n ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ohun tí a ti sọ. Wọn kò lè rí ẹyọ kan. Ní ọdún 1981, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ní Zurich ṣe ẹ̀rọ kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú ṣóńṣó tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè mọ ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà lójú mẹ́táàlì, nípa iná mànàmáná tí ń fò láti ibẹ̀ sí orí abẹ́rẹ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Ní ọdún 1986 kan náà, Binnig, Calvin Quate àti Christoph Gerber gbé ẹ̀rọ mìíràn jáde, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi agbára fífọwọ́kàn mọ ojú nǹkan, bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá mọ ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ yìí kò mọ sí wíwò nìkan. Ó lè fà pẹ̀lú. Bí ìpẹ̀kun ẹ̀wọ̀n kan bá so mọ́ orí abẹ́rẹ́, tí ìyókù sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, a lè gbé abẹ́rẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀, kí a sì wọn agbára tí ó gbà. Ìwọ̀n agbára tí à ń pè ní nútìn kan tó èyí tí ohun tí ó wúwo tó 100 gíráàmù fi ń tẹ ọwọ́ wa. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí a sì tún pín ìdá kan nínú rẹ̀ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, píkónútìn ni a ní. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Hermann Gaub ní Munich ròyìn pé ìsopọ̀ imí-ọjọ́ mọ́ wúrà tó nǹkan bí 1,400 píkónútìn kí ó tó já. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fa ẹ̀wọ̀n tí ìfàmọ́ra kéékèèké nìkan mú lójú nǹkan líle, ìwọ̀n mẹ́wàá mẹ́wàá píkónútìn mélòó kan ni ó ń gbà. Agbára náà kì í sì í lọ sókè: ó dúró lójú kan ní gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ń kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì já wálẹ̀ lójijì nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn bá kúrò.

Ní ọdún 2009, Leonhard Grill àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin so àwọn mólékù kéékèèké pọ̀ di ẹ̀wọ̀n lójú wúrà gan-an, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gbé orí ẹ̀wọ̀n kan sókè. Bí apá tí ó kúrò nílẹ̀ ṣe ń gùn sí i ni iná mànàmáná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ń dín kù. Ní ọdún 2014, Shigeki Kawai, Ernst Meyer àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Basel gbé irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ kúrò lójú wúrà nínú òtútù líle, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Abẹ́rẹ́ wọn mọ ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tú. Ohun kan tún hàn: apá tí ó ṣì dùbúlẹ̀ ń yọ̀ lọ lójú wúrà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ̀wọ̀n lè ṣòro láti gbé sókè, síbẹ̀ kí ó rọrùn láti fà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dídúró lára nǹkan àti dídúró lójú kan kì í ṣe ohun kan náà.

8. Ọ̀dà, ìpẹtà àti omi

Ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n kan, ogunlọ́gọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kan irin ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n mú gbogbo rẹ̀ dúró, òfin tí a ti sọ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé.

Èkíní, ìlẹ̀kẹ̀ kì í mọ ohun tí a fẹ́ kí ó dì mú. Ohun tí ó bá kàn ni ó ń dì mú. Bí eruku, epo tàbí ìpẹtà tí ń ṣí bá wà lójú irin, wọn ni ọ̀dà yóò lẹ̀ mọ́. Ọ̀dà di ìpẹtà mú ṣinṣin, ìpẹtà kò sì di irin mú. Nígbà tí ìpẹtà bá bó, wọn yóò jọ lọ ni.

Ìkejì, omi ni mólékù kékeré tí a sọ nípa rẹ̀. Ojú irin tí afẹ́fẹ́ ti kàn fẹ́ràn omi púpọ̀. Bí omi bá rí ojú ihò kékeré kan gbà wọlé sábẹ́ ọ̀dà, yóò máa gba ipò ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bí ọ̀dà bá wú, tí ó sì dà bí ìléròrò, iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ni pé kí a ha ìpẹtà kúrò, kí a nu epo, kí a sì jẹ́ kí irin gbẹ dáadáa kí a tó kùn ún, kì í ṣe àṣà lásán ni a ń kọ́ni. Ojú irin gan-an ni a ń fi fún ìlẹ̀kẹ̀ láti dì mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ìdí rẹ̀ fún kò ní fo ìgbésẹ̀ kan nígbà tí olùkọ́ kò bá sí níbẹ̀.

9. Nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Ní èdè Faransé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya orúkọ lílẹ̀ mọ́ ojú àti ti fífà mu sọ́tọ̀, ó sì rọrùn láti ṣì wọ́n kà. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tí kò jọra rárá ni a ní, ọmọdé pàápàá kò sì lè fi ọ̀kan pe ìkejì. Kò yẹ kí a yá orúkọ níbi tí èdè wa ti ṣe ìyàtọ̀ náà kedere ju èdè tí a fẹ́ yá a lọ. Ọ̀rọ̀ bíi átọ̀mù, mólékù àti pólímà ni a yá, nítorí pé a kò ní orúkọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní ti ẹ̀wọ̀n, kí olùkọ́ kíyè sára: ilé ẹ̀wọ̀n lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ hàn án ná.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyí:

Ẹ̀wọ̀n: odindi mólékù gígùn kan.
Ìlẹ̀kẹ̀: ẹyọ kan nínú ẹ̀wọ̀n.
Lílẹ̀ mọ́ ojú: kí nǹkan dúró lójú òmíràn láìwọ inú rẹ̀.
Fífà mu: kí nǹkan gba òmíràn sínú ara rẹ̀.
Òmìnira: iye ìrísí tí ẹ̀wọ̀n lè ní.
Ìdùbúlẹ̀: apá ẹ̀wọ̀n tí ó kan ilẹ̀ léraléra.
Afárá: apá tí ó gbéra láàárín ìdùbúlẹ̀ méjì.
Ìrù: ìpẹ̀kun tí ó wà lókè.

Kí àwọn olùkọ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì wọn, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní ibi gbogbo tí a ti ń kọ́ àgbà ní ìwé. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè fi ṣàlàyé fún aládùúgbò rẹ̀ ìdí tí ọ̀dà ilẹ̀kùn rẹ̀ fi bó, ọ̀rọ̀ náà ti rí ibi dì mú.